Afòpiná Kékeré tí Ń Ba Tòmátò Jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ipò pàjáwìrì nítorí oko tòmátò tó ń bàjẹ́. Afòpiná tó fa wàhálà náà kò gùn ju nǹkan bí mìlímítà 7 lọ. Tuta absoluta ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Ebola tòmátò. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó dé Spain ní ọdún 2006, kò sì pẹ́ tó fi wọ Áfíríkà.

Ìpele mẹ́rin ni ìgbésí ayé rẹ̀:

1. Ẹyin. Abo kan lè yé ẹyin tó 260, pàápàá sí abẹ́ ewé. Ẹyin náà á pa lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

2. Ìdin. Òun gan-an ni ọ̀tá. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ewé ni eléyìí ń gbé ní tirẹ̀. Á lu ewé wọlé, á máa jẹ ẹran ewé láàárín awọ òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ojú ibẹ̀ á funfun, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú á sì hàn nínú rẹ̀. Ó tún ń lu igi àti èso. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò.

3. Ìsinmi. Púpọ̀ nínú wọn á jábọ́ sínú ilẹ̀, wọn kò ní jẹun mọ́, títí ìyẹ́ yóò fi hù.

4. Afòpiná. Ó rí bí eérú, ó ní àmì dúdú. Ọ̀sán ló ń sá pamọ́ sáàárín ewé. Ìrọ̀lẹ́ àti òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ń fò.

Níbi tí ooru bá wà, gbogbo èyí kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Nítorí náà, ìran mẹ́wàá lè dìde lọ́dún kan.

Kí ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Oògùn tí a fín sójú ewé kì í sábà kan ìdin tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì ń fín oríṣi kan ṣoṣo léraléra, èyí tí kò kú ni yóò bímọ, oògùn náà kò sì ní ran àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà:

- Já ewé àti èso tó ti lu, kí o sun wọ́n; má dà wọ́n sí etí oko.
- Fi àwọ̀n bo irúgbìn kí o tó lọ́ ọ.
- Fi pańpẹ́ olóòórùn abo mú akọ. Yóò jẹ́ kí o tètè mọ̀ pé wọ́n ti dé.
- Bí ìkórè bá parí, hú gbogbo igi tòmátò. Ro ẹ̀gùnmọ̀ kúrò, nítorí ó ń jẹ òun náà. Má fi tòmátò tàbí ìgbá tẹ̀ lé tòmátò, gbin àgbàdo.

Ìbéèrè
1. Ìpele wo ló ń ba ewé jẹ́?
2. Kí ló dé tí oògùn kì í fi í sábà kàn án?
3. Kí ló dé tí a fi ń ro ẹ̀gùnmọ̀ kúrò lóko tòmátò?