Kí Ẹ Tó Lo Oògùn Tó Ń Pa Ebi

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹnikẹ́ni ní Mọ́níyà àti àwọn abúlé Akínyẹlé tó ti gbọ́ pé oògùn kan wà tó ń jẹ́ kí èèyàn fọn láìjẹ́ pé ebi ń pa á. Òótọ́ ni, ó wà. Ṣùgbọ́n dókítà ló ń kọ ọ́ fúnni. A kì í rà á bí ẹni ra Panadol. Tí a bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ á yé wa.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣe é

Oríṣi méjì ni ká mọ̀. Èkíní jẹ́ oníhóró, irú bíi phentermine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1959. Ẹ wo ẹni tí jìnnìjìnnì bá: àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, oúnjẹ ò ní wù ú. Irú ipò yẹn ni phentermine ń fi ara sí. Ó ń pa ebi lóòótọ́, àmọ́ ó ń mú kí ọkàn sáré, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì lè lé oorun lọ. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í sì í fún ẹni tó ní àrùn ọkàn.

Èkejì jẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí oúnjẹ bá dé ìfun, ìfun á tú èròjà kan tó ń jẹ́ GLP-1 sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó, tó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ díẹ̀ ní àpòlúkù. Abẹ́rẹ́ semaglutide ń ṣe bíi GLP-1, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ ń pẹ́ lára tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ là ń gún un. Ozempic ni orúkọ èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àtọ̀gbẹ ní 2017. Wegovy ni ti ìsanra, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021.

Ta ló yẹ kó lò ó?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra; ìṣirò kan ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kílò, kí ẹ sọ gíga yín ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi pín kílò náà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó wọn 95 kílò, tó ga ní mítà 1.62 ṣe àpẹẹrẹ. 1.62 lọ́nà 1.62 jẹ́ nǹkan bí 2.62. Tí a bá fi pín 95, a óò rí nǹkan bí 36. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 30 ni wọ́n ṣe Wegovy fún, tàbí ẹni tó tó 27 tó tún ní àìsàn tí ìsanra ń dá kún, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 24, tó kàn fẹ́ kí aṣọ ìnáwó gba òun, kò sí lára wọn.

Kí dókítà tó kọ ọ́, á kọ́kọ́ wá ohun tó fa ìsanra náà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo àti àgúnmu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo cyproheptadine tàbí dexamethasone kí wọ́n lè lára. Ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ tó ń mú kí oúnjẹ wuni, èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa bí yóò ṣe fi í sílẹ̀, torí dexamethasone kì í ṣe ohun tí a ń dá dúró lójijì.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ní 1997, wọ́n kó oògùn ìsanra kan tó ń jẹ́ fenfluramine kúrò lọ́jà nítorí pé ó ń ba ọkàn jẹ́. Ní 2010, òmíràn tó ń jẹ́ sibutramine tẹ̀ lé e, torí ó ń dá kún àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀ àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ṣì ń rí sibutramine lọ́pọ̀ ìgbà nínú tíì àti oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ní ó ń dín ikùn kù, láìkọ orúkọ rẹ̀ sára páálí. Ohun tí a fi ewé ya àwòrán sí lára lè ní oògùn òyìnbó nínú.

Abẹ́rẹ́ semaglutide náà lè fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbígbẹ, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Bí inú bá ń ro gidigidi tí kò dáwọ́ dúró, tó ń wọ ẹ̀yìn lọ, ilé ìwòsàn ni ká sáré lọ. Ẹni tó ń gún insulin lè rí i kí ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀ jù. Obìnrin tó fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ ti dá a dúró ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú.

Rírà àti títọ́jú

Kẹ́mísìtì àdúgbò kò láṣẹ láti ta oògùn tó gba ìwé dókítà. Ilé oògùn tí apòògùn tó gbàwé wà ni ká lọ, ká sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic tí wọ́n rí ní Brazil, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Bí ó bá dé ibẹ̀, ó lè dé ọ̀dọ̀ wa.

Bákan náà, inú fíríìjì ni Ozempic tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Nílé wa tí iná kì í dúró, ẹ bi olùtajà bó ṣe ń tọ́jú tirẹ̀, kí ẹ sì mọ bí ẹ ó ṣe tọ́jú tiyín kí ẹ tó sanwó.

Bí a bá dá a dúró ńkọ́?

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2021, èèyàn 1,961 ni wọ́n tọ́ sọ́nà lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 68, àwọn tó gba semaglutide ti pàdánù nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn. Ẹni 95 kílò wa yẹn ì bá di nǹkan bí 81. Àmọ́ ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù ti padà. Oògùn náà kò wo ìsanra sàn. Ìgbà tí a bá ń lò ó ló ń ràn wá lọ́wọ́. Nítorí náà, iye tí ẹ lè san fún ọ̀pọ̀ oṣù ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ti oṣù kan.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wọn ara yín, ẹ wọn gíga yín, kí ẹ ṣe ìṣirò náà. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Mọ́níyà. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló fa ìsanra mi? Ṣé oògùn yìí bá àìsàn àti oògùn mi mu? Báwo ni a óò ṣe parí rẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dá yín lóhùn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.