Kí A Tó Tọrọ Owó Ààbò Lọ́wọ́ Ìjọba

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun tí gbogbo wa ń sọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, èyíinì ni ààbò.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gba Mowe àti Ibafo kọjá. Ifo wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, rélùwéè sì gba ibẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti pọ̀, èrò á pọ̀. Ẹni rere ń bá ọ̀nà wọlé, olè náà ń bá a wọlé.

Olúkúlùkù ń ti ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ kọ́ ńkọ́? Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹnìkan kì í sábà ṣọ́ ọ. A kò gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, àwọn oníbọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Saint Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Dídí ẹnu ògiri, owó ni.

Níbo ni owó ti lè wá?

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2005, ìjọba ń fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ní owó láti fi ra ilẹ̀kùn líle, iná àti kámẹ́rà. Ní Bìrìtéènì, ìjọba bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 2016 fún àwọn ilé ìjọsìn tí àwọn olùkórìíra ń dojú kọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í fún ẹgbẹ́ tó kàn sọ pé, "Ẹ̀rù ń bà wá." Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ ilé rẹ̀ wò, kí ó kọ ibi tí ewu wà sílẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí òun yóò fi owó náà ṣe. Ẹgbẹ́ a sì sábà kọ́kọ́ ná owó tirẹ̀, kí ìjọba tó dá a padà.

Lọ́dọ̀ tiwa, owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ààbò nìkan kò wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni owó ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ àdúgbò. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí a ń pè ní CDA, ló sábà máa ń tọrọ rẹ̀. Ètò kan wà tí a ń pè ní CSDP, tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ó sì ti parí. Nínú ètò náà, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń yan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ń dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀, ètò náà sì ń san ìyókù. NG-CARES ló tẹ̀lé e ní ọdún 2021. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bèèrè bóyá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tàbí iná àdúgbò wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀.

Ohun tí a ó ṣe

1. Ẹ pe ìpàdé. Kí akọ̀wé kọ ọjọ́, orúkọ àwọn tó wá, àti ohun tí ẹ fẹnu kò sí.

2. Ẹ yí ilé náà ká lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ kọ ibi tí ògiri ti wó, ibi tí òkùnkùn wà, àti ohun tí olè ti kó. Ẹ tọ́jú ìwé yìí dáadáa. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ẹ ti fi ọ̀nà hàn án nìyẹn.

3. Ẹ yan ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ gba iye owó rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

4. Ẹ ní àkáǹtì báńkì lórúkọ ẹgbẹ́. Kí ó máà jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa fọwọ́ sí i.

5. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ yín. Obafemi-Owode ni ti Mowe àti Ibafo. Ifo ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kan fún yín.

6. Bí owó bá dé, ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, kí ẹ sì kà wọ́n fún ìpàdé.

Àpẹẹrẹ lẹ́tà

"Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀. Alàgbà, a ń kọ ìwé yìí nípa ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa. Láàárín oṣù mẹ́ta, olè wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kó àga 14 àti ilẹ̀kùn 2. A ti mọ ọgbà sí iwájú. Ẹ̀yìn ló kù, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 200. Ìwé oníṣẹ́ mẹ́ta wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ti dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà. A bẹ̀ yín, ẹ ràn wá lọ́wọ́ lórí ìyókù. Àwa ni Alága, Akọ̀wé àti Akápò."

Ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́tà náà kò gùn, kò sì sunkún. Ó ka iye, ó sọ ibi tí ewu wà, ó sì fi hàn pé àwọn ará ti ṣe tiwọn. Ẹni tó bá kà á á mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ.

Ẹ ṣọ́ra o

Ẹnìkan lè wá bá yín pé, "Mo mọ ènìyàn ní Abẹ́òkúta. Ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, kí ẹ fọwọ́ síbí." Tẹ́lẹ̀ rí, ìka la máa ń tẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka sí gbèsè tí kò jẹ, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Àwa ti kúrò níbẹ̀. Ẹ gba ìwé náà, ẹ kà á sókè fún gbogbo ìpàdé. Bí ibì kan bá ṣófo nínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ lọ bèèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ fúnra yín. Bí wọ́n bá gba owó kankan, ẹ gba rìsíìtì.

Owó náà lè pẹ́, ó sì lè máà dé. Ṣùgbọ́n àdúgbò tó ti mọ ibi tí ògiri rẹ̀ ti lanu, tó ti ń dá owó, tó sì ń kọ orúkọ àwọn ọlọ́dẹ sílẹ̀ lálaalẹ́, kò sí bí ó ṣe kéré tó, ó ti sàn ju ti àná lọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni a ó kọ sílẹ̀ kí a tó kọ lẹ́tà?
2. Kí ló dé tí a fi gba iye owó lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta?
3. Kí ni ẹ ó ṣe bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò tíì kà?
4. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú nípa ibì kan tí ó nílò ààbò ní àdúgbò yín.