Ìjàyè Kì í Ṣe Abúlé Lásán

Ọmọ mi, bí o bá gba Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn, wàá kọjá ní Ìjàyè, wàá rí ilé onípáànù, oko ẹ̀gẹ́ àti àwọn ìyá tó ń ta gààrí lẹ́bàá títì, wàá sì rò pé abúlé bí àwọn abúlé yòókù ni, bẹ́ẹ̀ ìlú tí Ìbàdàn pàápàá kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nígbà kan rí ni ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ̀ yẹn.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọwọ́ Kúrunmí le, gbogbo ìlú ló ń bẹ̀rù rẹ̀, síbẹ̀ ó gba Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, láyè láti gbé ní ìlú rẹ̀.

Ọdún 1859 ni Àtìbà wàjà. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọmọkùnrin ọba, bá bàbá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba, Ìbàdàn sì gbà. Kúrunmí ní òun kò ní foríbalẹ̀ fún Adélù láé. Ọmọ mi, ní ti àṣà, Kúrunmí jàre, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹni tí odindi ìlú fẹ̀yìn tì kì í torí pé òun jàre fi ìlú náà wewu.

Ogun bẹ́ ní 1860. Ẹ̀gbá gbè lẹ́yìn Ìjàyè. Balógun Ibíkúnlé àti Ògúnmọ́lá kó ọmọ ogun Ìbàdàn wá. Ọmọkùnrin márùn-ún Kúrunmí bógun lọ, òun náà kú ní 1861. Ebi wá ń pa ìlú, àwọn òbí ń kó ọmọ fún àwọn oníwàásù pé kí wọ́n máa bá àwọn bọ́ wọn, àwọn oníwàásù sì kó lára àwọn ọmọ náà lọ sí Abẹ́òkúta. Ìjàyè bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn ní oṣù kẹta 1862.

Àwọn ọmọ yẹn kò mọ ẹni tó tọ́ kó jọba, ebi ni wọ́n mọ̀. Àwọn ni mo máa ń rántí. Bí o bá tún ń kọjá níbẹ̀, jọ̀ọ́, sọ̀kalẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà tó wà nílé, kí o sì ní kí wọ́n sọ ìtàn náà fún ọ.