Ìdì Oògùn àti Ìtọ́jú Aláìsàn: Ẹ̀kọ́ fún Gbogbo Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ìyá ẹlẹ́kọ kì í fi ojú kékeré wo ewé tí ó fi ń pọ́n ẹ̀kọ rẹ̀. Bí ewé náà bá ya, ẹ̀kọ dànù; bí ó bá dọ̀tí, oníbàárà kò ní padà wá mọ́. Nítorí náà, kò sí ọmọ Yorùbá tí ó lè sọ pé ohun tí a fi di ọjà kò já mọ́ nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan oògùn, ó ju ti ẹ̀kọ lọ, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà níbẹ̀.

Ìlú Ilé-Ifẹ̀ yẹ fún irú ẹ̀kọ́ báyìí. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, tí ó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967, tí a sì sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, ní ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní ìlú kan náà. Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà sì wà lára rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣàkóso kì í ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá nìkan. Ohun tí ó máa ń bèèrè ni èyí: ta ni a ń ṣe iṣẹ́ yìí fún? Ibo ni àkókò àti owó ń gbà lọ? Báwo ni a ṣe lè ṣe é kí ó dára ju báyìí lọ?

Kíka Àkókò

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká sọ pé obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn ní aago 7 òwúrọ̀. Aago 9 ààbọ̀ ni a tó rí fáìlì rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó wọlé tọ dókítà, ó sì lo ìṣẹ́jú 10 níbẹ̀. Aago 11 ààbọ̀ ni ó tó gba oògùn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 270: ó lo 150 níwájú yàrá fáìlì, ó sì lo 100 níwájú ibi tí a ti ń gba oògùn.

Ẹni tí kò bá ka àkókò yóò sọ pé dókítà kò tó. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fi dókítà mẹ́wàá kún ti àtẹ̀yìnwá, ìyá yìí kò ní tètè délé. Ibi méjì tí ó ní àtúnṣe ni yàrá fáìlì àti ibi ìgba oògùn. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi máa ń mú aago àti ìwé lọ́wọ́ kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé

Ọ̀nà kan tí a gbà yanjú ọ̀rọ̀ fáìlì kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1956 ni dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí tọpa àwọn ọmọ láti ìgbà tí a bí wọn títí wọn yóò fi pé ọdún 5. Wọ́n ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n sì ń fi àmì sí orí káàdì. Bí àmì náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró lójú kan, tàbí tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ara ọmọ náà tilẹ̀ ń dán. Ìyá tí kò mọ̀wé lè rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun jù lọ ni pé ilé ìwòsàn kọ́ ni ó ń tọ́jú káàdì náà. Ìyá ọmọ ni a fún kí ó máa gbé e lọ sí ilé nínú àpò ọ̀rá, kí omi má bàa bà á jẹ́. Àpò ọ̀rá tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan yìí ni ó gba ìyá lọ́wọ́ ìdúró dè fáìlì. Ibikíbi tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ dé, ìtàn ìlera ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé.

Ìwádìí ní Gánà

Ti ibi ìgba oògùn ni ó kàn. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn olùwádìí dán ohun kan wò, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Dípò kí a máa ka oògùn ibà nígbà tí aláìsàn bá ti dúró, wọ́n ti di í sílẹ̀ ṣáájú, tí ìdì kọ̀ọ̀kan ní iye tí ẹnì kan yóò lò tán. Iye àwọn tí ó lo oògùn náà bí ó ti yẹ fi nǹkan bí 20 nínú 100 pọ̀ sí i. Owó tí aláìsàn ń san, àkókò tí ó fi ń dúró àti oògùn tí ń ṣòfò dín kù sí ìdajì.

Oògùn ibà tí a ń lò nígbà náà ti yí padà. Ní Nàìjíríà, ọdún 2005 ni ìjọba fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò yí padà. Ẹni tí ó bá di hóró oògùn sínú bébà lásán a máa dá a dúró nígbà tí ara bá fúyẹ́. Ẹni tí ó bá ní páálí tí ó fi hàn pé hóró mẹ́fà ṣì kù yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí.

Nígbà tí Ìdì Bá Purọ́

Ìdì a máa gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n a lè fi í bo ikú mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1990, àwọn ọmọdé tí ó lé ní 100 kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ibà olómi. A ti fi májèlé kan tí a ń pè ní diethylene glycol sínú rẹ̀ dípò èròjà tí ó yẹ. Ní ọdún 1993 ni òfin tí ó dá Àjọ NAFDAC sílẹ̀ jáde. Síbẹ̀, láti òpin ọdún 2008 wọ inú ọdún 2009, májèlé kan náà nínú oògùn eyín tún pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà.

Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1982, ẹnì kan fi májèlé sínú àwọn ìgò oògùn ẹ̀fọ́rí Tylenol, ènìyàn 7 sì kú. Ilé iṣẹ́ tí ó ni í kó nǹkan bí mílíọ̀nù 31 ìgò kúrò lọ́jà. Nígbà tí oògùn náà padà dé, èdìdì mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀.

Ohun tí Ó Yẹ Kí Á Wò

1. Orúkọ oògùn, àti orúkọ pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é.
2. Nọ́ńbà NAFDAC. Àwọn ọ̀daràn lè ṣe ayédèrú rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí á ra oògùn ní ibi tí ìjọba fọwọ́ sí. Láti ọdún 2010 ni NAFDAC ti mú ètò kan jáde, nípa èyí tí a ń họ ìdí kan lára àwọn páálí oògùn mìíràn, tí a sì ń fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni.
3. Ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán.
4. Èdìdì ìdérí. Bí ó bá ti ya, kí á dá a padà.
5. Iye tí a ó lò, àti ìgbà tí a ó lò ó.

Bí oògùn bá tilẹ̀ tán, kí a má ṣe sọ páálí rẹ̀ nù títí ara aláìsàn yóò fi yá. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ ni àwọn aláṣẹ yóò fi tọpa gbogbo irú rẹ̀ tí ó wà lọ́jà, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa mu nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó mọ̀wé nínú agbo ilé ní iṣẹ́ láti ka ara ìgò fún ìyá àgbà àti fún aládùúgbò. Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà á. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Ní ilé ìtọ́jú tí ó súnmọ́ yín, ibo ni aláìsàn ti ń dúró pẹ́ jù? Ta ni ó ti ka àkókò náà rí?
2. Kí ni ìdí tí ó fi dára kí káàdì ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?
3. Ẹ mú ìgò oògùn kan wá láti ilé. Nínú ohun márùn-ún tí a kà sókè yìí, mélòó ni ẹ rí lára rẹ̀?