Kí Ni Wọ́n Sun Tó Di Eérú Yìí? Ìmọ̀ràn fún Àgbẹ̀ Èmùrè-Ilé, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Èmùrè-Ilé, ẹ̀yin ará Ùṣò, Ọ̀wọ̀ àti gbogbo àgbègbè Ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ eérú la fẹ́ bá yín sọ. A mọ̀ pé eérú kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ yín. Òun lẹ fi ń pa ẹbu lára kó má baà jẹrà nínú ebè, òun lẹ ń bù sídìí ẹ̀fọ́ àti ata, òun làwọn ìyá wa ń sẹ́ fún ọṣẹ dúdú. Eérú èèpo kókó gan-an, ajílẹ̀ gidi ni, torí pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. A ò ní kí ẹ pa ìyẹn tì.

Eérú tí à ń sọ ni èyí tó ń jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sun pàǹtí, ìbáà ṣe ti ilé ìwòsàn, ti ilé iṣẹ́ tàbí ti ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọkọ̀ gbé e dé oko yín, tó ní ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ẹ má gbà á.

Wọ́n ti fi orúkọ ajílẹ̀ yìí tan odidi ìlú jẹ rí. Ní 1986, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Khian Sea kó eérú pàǹtí, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 14,000, kúrò ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ibi tó bá ti yà, wọ́n á ní àwọn ò gbà á. Nígbà tó dé Gonaïves ní Haiti ní 1988, ajílẹ̀ ni wọ́n pe ẹrù náà. Ó ti da nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4,000 sétí òkun kí ìjọba ibẹ̀ tó pàṣẹ pé kó kó o padà. Ọkọ̀ náà sá lọ, ó sì da ìyókù sínú agbami. Ti Gonaïves wà níbẹ̀ títí di ọdún 2000, ó sì di 2002 kí wọ́n tó rí i sin ní Pennsylvania, ìpínlẹ̀ tó ti wá.

Lọ́dún 1988 yẹn kan náà, eérú Philadelphia dé tòsí wa. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 15,000 ni wọ́n dà sí erékùṣù Kassa, nítòsí Conakry ní Guinea. Ohun èlò bíríkì ni wọ́n pè é níbẹ̀. Nígbà tí ewéko erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ni ará ìlú kígbe, ìjọba Guinea sì fi dandan lé e pé kí wọ́n kó o kúrò. Ọdún náà ni àṣírí pàǹtí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì tú ní Koko, tó wà ní Bendel nígbà náà, tó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ilẹ̀ ẹnì kan ni wọ́n háyà, ẹni náà ò sì mọ ohun tó wà nínú àwọn dírọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tò síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pàǹtí olóró, Decree 42 ti 1988. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ yìí yàtọ̀: onílẹ̀ ló ń tọ̀.

Kí ló wá wà nínú rẹ̀? Iná lè jó bébà, aṣọ àti ọ̀rá tán, ṣùgbọ́n kò lè jó òjé tán. Bí òkúta rédíò, wáyà, agolo ọ̀dà àti táyà bá wọ inú ẹ̀rọ, òjé, irin olóró tí wọ́n ń pè ní cadmium, àti irú wọn tó wà nínú wọn kì í ṣègbé. Pàǹtí tọ́ọ̀nù 10 lè di eérú tọ́ọ̀nù 3, àmọ́ púpọ̀ nínú òjé inú mẹ́wàá náà ti wà nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá tún sun ike bíi páìpù PVC, oró tí wọ́n ń pè ní dioxin máa ń dá nígbà tí èéfín bá ń tutù, á sì lẹ̀ mọ́ eérú tó kúnná bí àtíkè, èyí tí èéfín gbé sókè. Èyí tó kúnná yẹn burú ju èyí tó kù sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ lọ. Òun náà ni ọyẹ́ ń gbé wọ ihò imú ọmọdé. Ohun tí òjé lè ṣe fún ọmọdé kò pamọ́ mọ́ ní Nàìjíríà: ní Zamfara ní 2010, òjé inú erùpẹ̀ tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ góòlù pa ọmọ tó tó 400, ó kéré tán.

Kò dìgbà tí ẹ bá bù ú sínú ebè kó tó ṣọṣẹ́. Láàárín 1994 sí 1999, ní Byker ní ìlú Newcastle, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ọ̀nà tó gba àárín oko ẹ̀fọ́ àwọn ará àdúgbò ni wọ́n fi eérú ẹ̀rọ pàǹtí tẹ́. Àwọn adìyẹ ń ṣa nǹkan jẹ lójú ọ̀nà ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹyin wọn wò, wọ́n bá dioxin nínú rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má jẹ adìyẹ tàbí ẹyin ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ má fi í dí kòtò ojú ọ̀nà oko, ẹ má pò ó mọ́ búlọ́ọ̀kù ilé adìyẹ.

Ẹ̀yin olóko kókó, tiyín tún ṣe pàtàkì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kókó jáde jù ní Nàìjíríà. Láti January 1, 2019 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n sí cadmium inú ṣokoléètì àti lẹ́búlẹ́bú kókó: lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń tà fún aráàlú kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 0.6 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà tí cadmium wà nínú ilẹ̀ wọn látilẹ̀wá ni òfin yìí ń dà láàmú jù. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, cadmium inú kókó wa kéré sí tiwọn, àǹfààní ńlá sì nìyẹn lọ́jà. Ṣé àwa náà á wá fọwọ́ ara wa bà á jẹ́? Gbòǹgbò kókó ń fa cadmium, ó sì ń dé inú hóró. Eérú máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, torí náà lọ́dún àkọ́kọ́ igi lè má fà á púpọ̀. Àgbàdo ibẹ̀ tiẹ̀ lè yọ ju ti aládùúgbò lọ, kí ẹ sì máa yọ̀. Bí òjò ọdún mélòó kan bá ti fọ agbára eérú náà kúrò, tí ilẹ̀ tún kan, cadmium á tú sílẹ̀ fún gbòǹgbò. Nígbà yẹn ni igi kókó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so dáadáa.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Eérú igi fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀ síra. Ẹ fi igi tú èyí tí ẹ ń fura sí, ẹ má fọwọ́ kàn án: bí ẹ bá rí ìṣó, àfọ́kù ìgò, abẹ́rẹ́, tàbí ike tó yọ́ tó di kókó líle, pàǹtí ni wọ́n sun. Ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ so ó mọ́ okùn, kí ẹ fà á gba orí eérú náà. Bí wáyà àti ìdérí ìgò bá ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ti rí ìdáhùn. Bí ohunkóhun ò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ṣì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá pé kí ni wọ́n sun. Eérú ibi tí wọ́n ti ń fi táyà wi awọ màlúù náà kò dára fún oko.

Bí wọ́n bá ti dà á sílẹ̀ yín kí ẹ tó dé, ẹ má gbá a, ẹ má ro ó mọ́ ilẹ̀, ẹ má sì tì í sódò, torí omi tó ń ṣàn lọ sí odò Ògbẹ̀sẹ̀ àti odò Ọ̀sẹ̀ ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kó má fẹ́, kì í ṣe omi tí yóò ṣàn. Ẹ fi tapólì bò ó, kí ẹ gbé òkúta lé etí rẹ̀. Ẹ so ewúrẹ́, ẹ dá adìyẹ àti ọmọdé dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tó àjọ tó ń bójú tó pàǹtí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó létí, àti ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìwòsàn tàbí iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ló yẹ kó gbẹ́ kòtò fún eérú ara rẹ̀, kó fi kọnkéré tẹ́ ẹ nínú, kó sì ní ìdérí. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi mítà 2 ga ju omi ilẹ̀ lọ, kó sì jìnnà sí kànga tó mítà 50. Ẹ lè bi wọ́n bóyá wọ́n ní in.

Àwa náà ní tiwa. Ike oògùn kòkòrò kì í ṣe ohun tí à ń jù síná lóko. Ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn, kí ẹ sì dá ike náà lu kí ẹnikẹ́ni má fi pọn omi.

Bí ẹ bá ti bu irú eérú bẹ́ẹ̀ sóko láti ọdún tó kọjá, ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewédú sójú ibẹ̀ mọ́. Tíìkì tàbí igi gẹdú míì lẹ lè gbìn síbẹ̀. Kí ẹ sì yẹ ilẹ̀ náà wò. Òṣìṣẹ́ ADP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀, lè tọ́ yín sọ́nà. Ní Àkúrẹ́, yunifásítì FUTA ní ẹ̀ka tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ níbi bíi mẹ́wàá, kí ó jìn tó gígùn ìka ọwọ́ kan àtààbọ̀, ẹ pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́, kí ẹ di ìwọ̀n kìlò kan sínú ọ̀rá tuntun. Kí ó má ṣe jẹ́ àpò tí ajílẹ̀ òyìnbó ti wà nínú rẹ̀ rí, torí ajílẹ̀ míì ní cadmium tirẹ̀.