Orílẹ̀ àti Orílẹ̀-Èdè: Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹ̀jẹ̀ Méjì



Àwọn tí òbí wọn kan jẹ́ Yorùbá, tí èkejì wá láti ibòmíràn, máa ń bi mí pé, “Ṣé Yorùbá ni mí ni, àbí òyìnbó?” Ọ̀rọ̀ náà kan èmi pẹ̀lú. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá mi, Ireland ni ìyá mi ti wá, London ni wọ́n sì bí mi sí. Ìbéèrè méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Orílẹ̀-èdè

Èyí ni ìlú tí òfin kà wá sí ọmọ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń kọ sínú páásípọ́ọ̀tù. Òfin ló ń fúnni, òfin sì lè yí i padà. Nílùú Ọba, kí 1983 tó dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ ló ń di ọmọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983, òfin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ipò àwọn òbí. Nítorí náà, bí tọkọtaya kan bá wá kàwé níbẹ̀, tí wọ́n bí ọmọ kan ní 1982, tí wọ́n bí èkejì ní 1984, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọmọ ìlú Ọba láti ọjọ́ ìbí, kí àbúrò má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló sì bí wọn.

Orílẹ̀

Orílẹ̀ nìkan yàtọ̀. Ìran tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá ni. Òun ló wà nínú oríkì orílẹ̀. Tí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ ní “ọmọ Òpómúléró”, kò béèrè páásípọ́ọ̀tù. Kò sí ọ́fíìsì tó ń fúnni, kò sì sí èyí tó lè gbà á.

Ẹ wo ìtàn. Ní 1914 ni wọ́n pa Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀. Oko ẹrú ti parí ní Kúbà láti 1886, àti ní Brazil láti 1888. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa ní Kúbà, Nagô ní Brazil. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ “ọmọ Nàìjíríà”. Kétu náà, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára Candomblé ní Bahia, inú orílẹ̀-èdè Benin ló wà lónìí. Torí náà, tí àyẹ̀wò DNA bá kọ “Nàìjíríà” fún yín, orúkọ tòní ni wọ́n fi pe èèyàn àná. Kò lè sọ oríkì yín.

Ta ni ká pè?

Orílẹ̀-èdè mìíràn kì í gba páásípọ́ọ̀tù méjì. Ó lè ní kí ẹ mú ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ọmọ lè jogún Ògún láti ìdílé bàbá, kó jogún Ọ̀ṣun láti ìdílé ìyá. Kì í tìtorí ọ̀kan da èkejì nù. Kí ló wá dé tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó yóò fi pa ẹnu mọ́ nípa ìdajì àwọn òkú rẹ̀?

Nígbà tí mo bá ń júbà, mo máa ń pe ti bàbá, mo máa ń pe ti ìyá. Àwọn ará Ireland wọ̀nyẹn kò gbọ́ Yorùbá rí láyé wọn, ṣùgbọ́n àwọn ló bí ẹni tó bí mi. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá, tí ẹ ti ṣe òrìṣà, ẹ ti ní ìdílé nínú ilé òrìṣà yín. Kò pọn dandan kí ẹ wá ẹ̀jẹ̀ kún un.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ kọ orúkọ àwọn òbí àgbà yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ẹ kọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ sì kọ ìran tàbí ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ibi tó bá ṣófo, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tó ṣì wà láyé. Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n sókè nínú ìjúbà yín. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má ṣe wo yàrá kan ṣoṣo.

Àṣẹ.