Àpótí Ìmọ̀: Nígbà Tí Ohun Tó Ti Kọjá Kò Jẹ́ Ká Kàwé

"Ṣé mo jíwèé wò nínú ìdánwò ọdún tó kọjá?" Bí irú ìbéèrè yìí bá ń padà wá ṣáá, tí o ń tú ìrántí wò léraléra kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, ó lè jẹ́ OCD (obsessive-compulsive disorder). Àìsàn ni, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn burú. Ó lè nira sí i nígbà tí a bá ń kàwé nílé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tí wọ́n ti ilé-ìwé Èkó pa nítorí Kòrónà, ilé di kíláàsì fún akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Abúlé Ẹ̀gbá. Nínú ilé, kò sí aago ilé-ìwé tí yóò já irú èrò bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń tú ìrántí tó ni iyèméjì ń pọ̀ tó. Nítorí náà, jẹ́ kí ìbéèrè náà wá, má dá a lóhùn, má sì bi màmá rẹ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Máa ka ìwé rẹ lọ. Ó le ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára ìtọ́jú tó múná jù. Bí èrò náà bá ń gba wákàtí kan lójúmọ́, sọ fún òbí tàbí olùkọ́ rẹ. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tó ti wà láti ọdún 1907, ń tọ́jú àìsàn yìí.